Ihò Tó Wà Nínú Aṣọ Ìwọ́de Wa

Ẹ wá wò ó, wọ́n ti lọ tẹ ihò mi sórí báàṣì oníke! Ihò o! Ihò tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá, ihò wo nìyẹn? Mo dé ibi ìpàdé ọjọ́ àwọn obìnrin nínú oṣù kẹta tó kọjá yìí, mo rí ike kan tó ń dán láàrin igi méjì, mo sún mọ́ ọn, àfi aṣọ ìwọ́de wa! Wọ́n ti yà á ní fótò, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ báàṣì ní ìgboro Ìdáàṣà, wọ́n sì tẹ gbogbo ẹ̀ pátá. Ègé aṣọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ipa abẹ́rẹ́ mi wà níbẹ̀. Ihò tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún náà wà níbẹ̀, dúdú kirikiri. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ìka mi kọ lu ike.

Sabine ní, "Tàǹtí, ṣé kò dára ni?"

Mo ní, "Ó dára. Ó dára bí ọbẹ̀ inú fótò."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ já báàṣì náà bọ́, àmọ́ ẹ̀rín wọn mú èmi náà. Báyìí ni mo ṣe rí, iná ni mí, mo máa ń jó, mo sì máa ń kú kíákíá.

Sabine yẹn ló ń rán aṣọ ìwọ́de ẹgbẹ́ obìnrin wa ní abúlé Kpingni báyìí. Èmi ni mo ń rán an tẹ́lẹ̀, fún ọdún méjìdínlógún. Mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni mí, eyín mi pé, ẹsẹ̀ mi ò dùn mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ ló ń yọ mí lẹ́nu lórí fóònù pé, "Tàǹtí Honorine, a fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí dára, ẹ kọ ọ́ fún wa." Ó dáa. Bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi ni mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á, kó lọ sùn.

Ẹ má bi mí ní owó. Èlùbọ́ ni wọ́n ń fún mi, adìyẹ nígbà ọdún Nọẹ́lì, ìró tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tán, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tó dùn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ aránṣọ kan ní ìgboro. Mi ò lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Ó ní kí n tú apá bùbá kan, mo tú u. Ó ní kí n tún un tú, mo tún un tú. Nígbà kẹta, mo sọ fún un pé apá náà ò ṣe nǹkan kan, òun ló ṣì í wọ̀n. Níwájú oníbàárà ni mo ti sọ ọ́. Ẹ ò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti wà nílé pẹ̀lú àpò aṣọ mi lórí.

Ìyá mi wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Honorine, ẹnu ẹ yìí ni yóò máa lé ẹ kúrò nídìí iṣẹ́ títí ayé."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o.

Kò sí ọ̀gá mọ́, mo bá ń kọ́ ara mi. Ìwọ̀nba tí mo mọ̀, Arigbo ni mo ti jí i kọ́. Ẹ mọ̀ pé tí oṣù kẹjọ bá dé, àwọn èrò ìjọ máa ń ti ibi gbogbo wá sí ihò àpáta Màríà tó wà níbẹ̀, ìjọ kọ̀ọ̀kan á sì gbé aṣọ ńlá tirẹ̀ dání, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì, òwú wúrà, wajawaja tó ń mì létí ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wo iwájú aṣọ, ẹ̀yìn ni èmi ń wò. Ẹ̀yìn ni mo ti ń rí ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọ́n ti so ó, ibi tó ti rẹ ẹni tó rán an. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń fọwọ́ tú etí ẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan gbá mi létí mú.

"Kí lò ń wá nídìí aṣọ Màríà?"

Mo ní, "Mà, mò ń wá bí wọ́n ṣe ṣẹ́ etí ẹ̀ tí kò fi ń ká."

Ó fi etí mi sílẹ̀. Ó yí aṣọ náà padà síta fún mi. Ó ní, "Wò ó dáadáa, kí o yéé wọ abẹ́ aṣọ bí ewúrẹ́." Ìyá yẹn ò mọ orúkọ mi, èmi náà ò mọ tiẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹ́ etí aṣọ yẹn ni mo ṣe ń ṣẹ́ ẹ títí tí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni tó wá di ọ̀gá mi, kò mọ aṣọ rán rárá! Màmá Félicité ni, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń sá èlùbọ́. Kò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n aránṣọ ìgboro yẹn kò le tó o, kò tiẹ̀ tó ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè wa, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Orí ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń sá ẹ̀gẹ́ àti iṣu tí wọ́n fi ń ṣe èlùbọ́. Oòrùn máa ń mú àpáta gbóná, nǹkan máa gbẹ kíákíá, iyanrìn ò ní wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin orí àpáta yìí ni ẹgbẹ́ wa. Tí nǹkan bá sì wà tí wọ́n fẹ́ béèrè, tí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fi agbẹ̀bí sí Tré tó wà nítòsí wa, wọ́n á rán aṣọ gígùn kan, wọ́n á so ó mọ́ igi méjì, wọ́n á gbé e wọ́de.

Aṣọ yẹn ní òfin. Ègé kan fún obìnrin kan. Inú ìró tí obìnrin yẹn fi ṣiṣẹ́ lórí àpáta ni yóò ti gé e, ọwọ́ ara ẹ̀ ni yóò sì fi gé e. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. A ò gbọ́dọ̀ fọ àbàwọ́n ẹ̀gẹ́ kúrò lára ẹ̀. Ẹni tó bá fi ègé síbẹ̀ ti sọ pé, "Mo wà níbí." Ẹnikẹ́ni lè ní kó wá fọwọ́ kan tiẹ̀. Tó bá sá, ẹ ó rí i. Òfin kan tún wà: ẹni tó ń rán aṣọ kì í sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ìjòyè, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ rán an. Màmá ní tí ẹnì kan náà bá ní ẹnu tó tún ní abẹ́rẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìkan ni yóò máa rán sáàrin.

Mo ní, "Màmá, èmi tí mi ò lè pa ẹnu mọ́?"

Ó ní, "Fi òwú dí i."

Ẹ ò tíì rí bí ìyá yìí ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò. Ó máa ń fi eyín fà á! Eyín mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu ẹ̀, á fi di etí ègé kan mú, á fà á bí ajá tó mú ìró. Tó bá já, mo máa tú gbogbo ìlà yẹn. Ọdún àkọ́kọ́, mo tú ju ohun tí mo rán lọ. Mo ń sunkún, mo ń bú, mo ń rán. Lọ́jọ́ kan mo ju aṣọ náà sílẹ̀, mo ní mi ò ṣe mọ́. Màmá jókòó tì í, ó ń bu ẹ̀pà jẹ, kò wò mí. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ mí, mo padà wá gbé e. Ó ní, "O ti dé? Òwú dúdú ni kí o lò níbẹ̀ yẹn, funfun ń hàn."

Jàǹbá àkọ́kọ́ tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí títí dòní ni wọ́n ń fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ agbẹ̀bí ni. Mo fẹ́ kí aṣọ náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí afọ́jú gan-an á rí i. Mo sọ ọ́ di gígùn, mo sọ ọ́ di fífẹ̀, mo fi aṣọ nípọn sí ẹ̀yìn ẹ̀. Mi ò ronú kan ọyẹ́. Inú ọyẹ́ la sì ń wọ́de! A ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, atẹ́gùn kó sínú aṣọ, ó wú bí ikùn aláboyún, ó gbá Bernadette ọ̀rẹ́ mi àti ẹnì kejì tó di igi mú, ó ń tì wọ́n lọ. Wọ́n ń sáré, wọn ò lè dúró. Bernadette ń pariwo, "Honorine! Kí lo rán? Kí lo rán yìí?" Àwa yòókù ń sá tẹ̀ lé wọn, a gbé ìró sókè, orin ti dà rú lẹ́nu wa. Ìwọ́de tó yẹ kó gbà wá títí ọ̀sán, ká tó ṣẹ́jú a ti dé. Ọ̀gá ìjọba tó ń dúró dè wá rí ogunlọ́gọ̀ obìnrin tó ń sáré bọ̀ wá bá a, ó sá wọlé, ó tilẹ̀kùn. Láti ojú fèrèsé ló ti sọ pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣe sùúrù, mo ti gbọ́, ẹ óò rí agbẹ̀bí!"

A rí agbẹ̀bí. Ṣùgbọ́n aṣọ ti kọ́ ẹ̀gún, ègé mọ́kànlá ti ya. Màmá ní kí n mú ègé kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹni tó ni ín, kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó gé òmíràn fún mi. Ilé mọ́kànlá. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn maṣíìnì dé, ẹlẹ́sẹ̀, àlòkù láti Parakou. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ọkọ. Màmá gbà kí n fi ṣẹ́ etí, kò gbà kí n fi rán ègé. Ó ní maṣíìnì ò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Létà tí mo ń fi èédú yà sára àpò símẹ́ńtì kí n tó gé e, fóònù ló wá ń yà á fún mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo kọ́ fúnra mi. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ìgbéraga wọ̀ mí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọkùnrin kan wá. Ọmọ ibí ni, ó ti pẹ́ níta, ó ti ní ọkọ̀ akẹ́rù. A máa ń pè é ní Ọlọ́kúta. Ó fẹ́ gba àpáta wa lọ́wọ́ Ṣẹ́ẹ̀fù abúlé, ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa fọ́ ọ sí òkúta wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ó ní àpáta ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń lò ó ju ìyá arúgbó mẹ́rin lọ. Ìyá arúgbó mẹ́rin! Ṣẹ́ẹ̀fù ní kí gbogbo wa wá sábẹ́ igi máńgòrò ní ọjọ́ Sátidé, òun á gbọ́ tọ̀tún tòsì, òun á dá a. Tí àpáta yẹn bá lọ, kò sí èlùbọ́ mọ́, kò sí ẹgbẹ́ mọ́. Kálukú á máa sá ẹ̀gẹ́ sínú erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀.

Mo rán aṣọ yẹn bíi pé kò sí òmíràn mọ́ láyé. Lókè, létà pupa: ÀPÁTA YÌÍ LÀ Ń SÁ OÚNJẸ LÉ. Nísàlẹ̀, ègé àwọn obìnrin, ìlà márùn-ún, mẹ́jọ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́tàdínlógójì ló mú ègé wá. Ìlà tó kẹ́yìn ku mẹ́ta. Igun aṣọ mi ṣófo bí ẹnu Màmá! Ojú mi ò gbà á. Mo ní aṣọ aró kan nílé, ó dára, ó kù díẹ̀. Mo gé ègé mẹ́ta, mo fi pa àyè náà dé. Ó pé. Ó rẹwà. Màmá fi eyín fà á, kò já. Ojú ẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn, kò kà á.

Ọjọ́ Sátidé, a so aṣọ mọ́ ara igi máńgòrò. Ọlọ́kúta dé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́, ó ní àwọn ogún ará abúlé ti tẹ̀ka síbẹ̀ pé kí òun fọ́ àpáta. Ó wá wo aṣọ wa. Ọmọ ibí ni, ó mọ òfin ẹ̀.

Ó ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù, ogójì ègé nìyí. Ẹ jẹ́ kí kálukú wá fọwọ́ kan tiẹ̀."

Ṣẹ́ẹ̀fù ní ó dáa. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ kan ìró wọn, wọ́n ń sọ orúkọ wọn. Nígbà tí ẹni ìkẹtàdínlógójì jókòó, ègé aró mẹ́ta dá dúró níbẹ̀, wọ́n ń dán.

Ọlọ́kúta rẹ́rìn-ín. "Àwọn mẹ́ta yìí dà? Ṣé iwin ni wọ́n? Ṣẹ́ẹ̀fù, tí wọ́n bá lè parọ́ mẹ́ta, mélòó ni òótọ́ níbẹ̀?"

Bernadette fún mi nígbòńwọ́. "Dákẹ́, Honorine. A máa ní wọ́n lọ sí Cotonou. Dákẹ́!"

Mo gbìyànjú. Mo fi Ọlọ́run búra, mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n Ọlọ́kúta tún ní, "Màmá Félicité, àgbàlagbà bíi tiyín, ẹ ń fi aṣọ parọ́?" Màmá dìde. Ó ń fọwọ́ pa ara aṣọ kiri, ó ń wá àwọn ègé náà. Nígbà tó kàn wọ́n, ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé aṣọ tí kò rí oòrùn rí ni. Ọwọ́ ẹ̀ dúró síbẹ̀.

Mo fò dìde. "Èmi ni! Èmi ni mo parọ́, kì í ṣe àwọn! Igun aṣọ ṣófo, ojú ń tì mí, mo fi aṣọ ilé mi dí i. Obìnrin mẹ́tàdínlógójì ló wà níbí, wọ́n fọwọ́ kan ìró wọn níṣojú yín. Ẹ bú mi, ẹ má bú wọn. Ìwọ náà, Ọlọ́kúta, arúgbó mẹ́rin lo ní o rí, ta ló wá ń parọ́ jù?"

Aránṣọ kì í sọ̀rọ̀, mo sì ti sọ ọ́. Mo rò pé mo ti fọ́ àpáta náà fúnra mi.

Màmá ní, "Mú àlùmọ́gàjí."

Níṣojú gbogbo wọn, mo tú ègé mẹ́ta náà. Mi ò fi aṣọ sí ẹ̀yìn ìlà yẹn, nítorí náà ihò mẹ́ta là sílẹ̀. Atẹ́gùn òkè fẹ́, ó gba inú ihò kọjá, aṣọ náà sì dúró jẹ́ẹ́. Kò wú, kò fà. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń bá atẹ́gùn jà, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oògùn ẹ̀.

Ṣẹ́ẹ̀fù dìde, ó kà á. "Mẹ́tàdínlógójì. Èyí yé mi." Ó wá na ọwọ́ sí Ọlọ́kúta. "Mú ìwé tìẹ wá. Kí àwọn ogún náà wá fọwọ́ kan tiwọn."

Ẹ gbà mí! Wọ́n pe ẹni àkọ́kọ́, ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "A ti sin ín lọ́dún tó kọjá." Wọ́n pe ẹnì kejì, bàbá kan dìde, ó ní, "Ìka mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé ìwé abẹ́rẹ́ ewúrẹ́ ni." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà, ewúrẹ́. Kí wọ́n tó dé orí ẹni ìkeje, Ṣẹ́ẹ̀fù gan-an ti ń fi fìlà bo ẹnu.

Ìgbà yẹn ni ìyá Ọlọ́kúta rọra dìde láàrin àwọn èrò ìwòran, ó ń bọ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́.

Ọlọ́kúta ní, "Ìyá mi, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Mo wá fọwọ́ kan tèmi. Orí àpáta yìí ni mo ti pọ̀n ẹ́ sá èlùbọ́. O tọ̀ sí mi lẹ́yìn níbẹ̀, o fẹ́ fọ́ ọ báyìí?" Ó tú ìró òkè ara ẹ̀, èyí tó fi sá èlùbọ́ láyé ọjọ́un, ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, ó gé e. Àwọn obìnrin hó yè! Alájà tó ń ra èlùbọ́ wa lọ sí ọjà ìgboro náà sáré bọ́ síwájú. Màmá ní, "Alájà, ṣé ẹ ti sá èlùbọ́ rí?" Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń gbé àpò ẹ̀ lórí, ṣé kò tó?" Màmá ní ó tó.

Àpáta wà níbẹ̀ dòní. Ẹ lè wá jókòó lé e, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ bàtà.

Ihò kan ló kù. Bernadette ní kí n gé tèmi sí i. Màmá ní, "Ìró wo? Ta ló rí Honorine tó sá èlùbọ́ rí? Abẹ́rẹ́ ló ń dì mú láti ọmọdé." Òótọ́ ni. Mo rán aṣọ gbogbo ènìyàn, mi ò ní ègé kankan níbẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí mi. "Mú abẹ́rẹ́ náà wá. O ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò gbọ́dọ̀ rán an mọ́. Láti òní, ìwọ ni ẹnu ẹgbẹ́."

Mo jà. Mo bẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan péré ni! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó ní, "Ṣé mo ò sọ fún ẹ?"

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tó ń béèrè bóyá iṣẹ́ yìí dára, ó dára. Yóò rán yín lọ́nà tí ẹ ò rò. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí mo ti ń sá èlùbọ́ pẹ̀lú wọn. Màmá Félicité jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpáta, ó ń fi igi lé ewúrẹ́, ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, nígbà míì èmi ló ń lù. Lánàá ó pè mí, ó gbá etí ìró mi mú, ó gbóòórùn ẹ̀, ó fi eyín mẹ́ta yẹn fà á. Ó ní, "Ó ti gbó tó. Gé e."

Lọ́la Sabine á mú abẹ́rẹ́ wá rán an. Sórí aṣọ o, kì í ṣe sórí báàṣì! Kí wọ́n máa gbé ike wọn kiri pẹ̀lú ihò tí wọ́n tẹ̀ sí i, tèmi ti fẹ́ dí.

Ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, abẹ́rẹ́ mi ṣì máa wà lọ́wọ́ mi. Aṣọ náà á pé ogójì, kò ní sí ihò, kò sì ní sí àyè fún ìró mi láéláé. Ẹ̀yin ńkọ́? Tí ẹ bá rí ọwọ́ Màmá tó dúró lórí ègé irọ́ tí ẹ rán, tí ọ̀rẹ́ yín ń fún yín nígbòńwọ́ pé Cotonou, Cotonou, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ẹ̀ bá dákẹ́?